Wá Sùn, Wá: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Àwo Jáàsì Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Obìnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà ka ìwé ìpolówó tí mo mú dání, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, irú jáàsì wo lẹ fẹ́ ṣe nínú ilé-ìwé?" Kò bá mi ṣeré. Ní ìgboro Ifẹ̀, tí wọ́n bá ní ẹnìkan lọ "ṣe jáàsì" sí ọ̀rọ̀ kan, oògùn ni wọ́n ń sọ. Mo ṣàlàyé fún un pé orin ni, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, fèrè, dùùrù, ìlù. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n a ó san owó gbọ̀ngàn pé kí a tó wọlé. Mo san án.

Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ bíi tèmi ni mo ń kọ èyí fún, àti àwọn tó ń ṣe kòkárí àwo fún olórin. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wọ́ kì í ṣe ibi tí mo ń ṣọ́. Wáyà ni mò ń ṣọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ló dá wa dúró. Mi ò ní dárúkọ akọrin náà. Òun ló ní kí n kọ ọ́, òun náà ló ní kí n má dárúkọ òun.

Ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mọ orin, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù. Bàbá Onídùùrù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọdún mẹ́fà ló fi kọrin lálaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ìbàdàn, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń yọ eegun ẹja àrọ̀ láì gbójú sókè wò ó. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan òun kọ "Misty" tán, ẹnìkan pàtẹ́wọ́, inú òun dùn, àfi ìgbà tí ẹni náà ní, "Wéétà!"

Ó kó èésú, ó ní àwo lòun fẹ́ fi ṣe. Orin jáàsì àtijọ́ mẹ́sàn-án: "Summertime", "Autumn Leaves", "St. Louis Blues", "My Funny Valentine", "All of Me" àti àwọn mìíràn. Ó fẹ́ kí a gbà á sílẹ̀ lójú agbo, kì í ṣe nínú sítúdíò mi ní Lágéré. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n kọ sójú ògiri," ohun tó sọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí mo ti gbà á sílẹ̀ nínú sítúdíò rí, ohùn rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Owó rẹ̀ tó fún alẹ́ méjì nínú gbọ̀ngàn, Ẹtì àti Sátidé, àti fún àwọn mẹ́rin tí yóò lù fún un: kíbọ́ọ̀dù, gìtá béèsì, ìlù òyìnbó, àti ọkùnrin kan tó ń gbé sasofóònù lé itan nínú bọ́ọ̀sì láti Iléṣà. A mú oṣù Ọ̀pẹ, nítorí páànù ni òrùlé gbọ̀ngàn náà. Ẹni tó bá ti gba ohùn sílẹ̀ lábẹ́ páànù nígbà òjò mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbáradì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹsẹ kan nínú "Summertime" jẹ́ Yorùbá. Ó ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e wá síwájú Bàbá Onídùùrù: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ayé sì rọrùn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀rùn wo layé ti rọrùn, ìwọ ọmọ yìí? Ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga gbẹ, tí ọyẹ́ ń la ètè?"

Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Níbo ni wọ́n ti kọ ọ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Inú eré olórin tí wọ́n ń pè ní Porgy and Bess ni orin náà ti jáde ní 1935. George Gershwin ló ṣe ohùn rẹ̀, DuBose Heyward ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì máa ń ka Ira, ẹ̀gbọ́n Gershwin, mọ́ wọn. Ìlú Charleston ní South Carolina ni ìtàn náà ti wáyé, ní àdúgbò kan tí wọ́n pè ní Catfish Row. (Ẹja àrọ̀ ni catfish. Mo sọ fún akọrin náà pé ẹja àrọ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀.) Clara, ìyá ọmọ kan, ló ń fi orin náà rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ìgbà ooru tiwọn níbẹ̀ ní òjò, ó ní ẹja, òwú ń dàgbà lóko. Tiwa tó bá a mu ni ìgbà àgbàdo àti iṣu tuntun, tí omi wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ rárá.

Bàbá kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fi ìka kan tẹ dùùrù, ohùn mẹ́ta àkọ́kọ́: òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Mí, dò, mí. Wọ́n ní kí ó fi "ẹ̀ẹ̀rùn" sí i. Ó fi í sí i, ó sì rí bí ẹni ń pe orúkọ àjèjì, nítorí ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ náà. Ó fi "iṣu tuntun" sí i. Àárín ni gbogbo tìyẹn, orin ń gbé e sókè sódò bí ọkọ̀ tó wọ kòtò. Ẹni tó dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìyà yìí dáadáa. Àwọn orin ìyìn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ fún wa máa ń gbé ohùn òyìnbó gun orí ọ̀rọ̀ Yorùbá títí ọ̀rọ̀ yóò fi di nǹkan mìíràn. Ìyà yẹn ni Ekundayo Phillips, tó ń lu dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbógun tì, tó fi ń ṣe ohùn orin tó bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. Bàbá Onídùùrù kì í sọ̀rọ̀ Phillips láì má sọ ti Fela Sowande, olórin ọmọ Nàìjíríà, mọ́ ọn: "Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan Gershwin? Ní 1936, Sowande ló jókòó sídìí dùùrù fún 'Rhapsody in Blue' nílùú òyìnbó."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ìwé ìpolówó: Wá sùn, wá.

Mí, dò, mí. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣe sí i. Kì í ṣe ìtumọ̀ ohun tí Heyward kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá inú eré náà ń ṣe gan-an ni. Bàbá fi ìyókù ẹsẹ náà kún un kí ilẹ̀ tó ṣú, akọrin náà sì kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá àwọn olórin rí sí ìwé ẹ̀tọ́ (copyright), ìyẹn àṣẹ tí ẹni tó ni orin ní lórí rẹ̀. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó yẹ kí n ti pè é kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Mo rò pé owó kékeré lọ̀rọ̀ náà, pé a ó san án tí àwo bá fẹ́ jáde. Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Tí orin kan bá ti jáde rí, òfin Amẹ́ríkà fún ẹlòmíràn láyè láti tún un kọ sínú àwo, kó sì san iye tí òfin là sílẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ǹtì 9.1 ni láti 2006 títí di 2022, ó di sẹ́ǹtì 12 ní 2023, fún orin tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. O lè tún orin náà tò kó bá ọwọ́ àwọn tó ń lù fún ọ mu. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ yí ìpìlẹ̀ ohùn rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tuntun, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè mìíràn, kò sí nínú owó yẹn. Ìyẹn di kí o lọ bá àwọn tó ni orin náà fúnra wọn, wọ́n sì lè ní rárá. Òfin Copyright ti Nàìjíríà, ti 2022, náà ka ìtumọ̀ àti àtúnṣe mọ́ ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ nìkan lè fọwọ́ sí.

Ọ̀rẹ́ mi to àwọn orin náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "St. Louis Blues" tí W. C. Handy tẹ̀ jáde ní 1914 ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Handy kú ní 1958, òfin tiwa sì ka àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú, nítorí náà ó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ nílé títí òpin 2028. "Summertime" wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà títí 2030 yóò fi parí. A kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣojú fún àwọn tó ni ín. Ó ku ọjọ́ méje kí a wọ gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí èsì láàárín ọjọ́ méje. A pe akọrin náà, a ní kó fi Yorùbá sílẹ̀, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà. Ó ní kò burú.

Mo kọ "kò burú" yẹn sínú ìwé iṣẹ́ mi, mo fa ìlà sí i, mo sì kọjú sí ọ̀rọ̀ iná.

Ọjọ́bọ̀ ni a to ẹ̀rọ. Máíkì kan fún ohùn, mẹ́ta fún ìlù, ọ̀kan fún sasofóònù, wáyà tààrà láti ara kíbọ́ọ̀dù àti béèsì, méjì tí mo so rọ̀ sókè fún àwọn èèyàn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé "Autumn Leaves". Nígbàkúùgbà tí béèsì bá di ohùn tó níṣẹ́ jù lọ nínú orin yẹn mú, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, wìì, wìì, wìì, bí ẹni ń mi àgbá omi. A yí wáyà, a yí gìtá. Kò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí yóò ṣe ẹlòmíràn. Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50 hertz, ìyẹn ni pé ó ń mì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkùn tí ẹ ń gbọ́ nínú sípíkà tí wáyà rẹ̀ kò dára sì ń ti ibẹ̀ wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú 50. Tí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, ó máa ń sáré kọjá rẹ̀. Tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, á padà wálẹ̀. G minor ni wọ́n ti ń lu "Autumn Leaves" náà, bí ọ̀pọ̀ onijáàsì ṣe máa ń ṣe. G ìsàlẹ̀ lórí gìtá béèsì sì jẹ́ 49 hertz. Ohùn méjì tó sún mọ́ra báyìí kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà: ọ̀kan á ti èkejì, èkejì á ti í padà, ìtira yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ gé 50 kúrò. Mo gé ìkùn, mo gé béèsì pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sún orin náà sókè díẹ̀. Akọrin náà kọ̀. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ jókòó sí.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo yọ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kúrò lára jẹnẹrétọ̀ pátápátá. Mo gbé e sórí bátìrì, òun àti gbogbo máíkì tó ń gba iná lára rẹ̀, mo sì já ìdè ilẹ̀ (ọ̀nà tí ìkùn ń gbà kọjá nínú wáyà) láàárín rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù àti béèsì níbi àpótí wáyà. Àwọn sípíkà gbọ̀ngàn, kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ béèsì dúró sórí jẹnẹrétọ̀. Ìkùn náà rọlẹ̀ débi pé àfi kí o ki orí bọ sípíkà kí o tó gbọ́ ọ. Mo sùn dáadáa lálẹ́ yẹn. Mo rò pé mo ti rí ìṣòro iṣẹ́ náà, mo sì ti yanjú rẹ̀.

Èmi ni mo ba alẹ́ Ẹtì jẹ́. Mo ti tẹ ìwé pélébé sórí àga kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, ẹ má dá sí orin, ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá parí. Nǹkan bí àádọ́rin èèyàn ló wá, wọ́n sì gbọ́ràn bí ẹni tó wọ ilé ìdánwò. Akọrin náà kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń lù kò ṣi ọwọ́. Mo fi hẹ́dífóònù sétí, mo ń gbọ́ orin tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbọ̀ngàn tó ṣófo díẹ̀ ń dá ohùn padà lé e lórí, mo sì ń wo aago. Nínú ọkọ̀, ọkùnrin Iléṣà yẹn ní, "Ọ̀gá, ẹ ò kúkú ṣe é ní sítúdíò yín?"

Àwòrán kan ló wà lórí mi: kíláàbù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nílùú òyìnbó. Àwọn àwo tí mo ti kó àwòrán náà gan-an kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí Bill Evans, onídùùrù jáàsì, gbà sílẹ̀ ní kíláàbù Village Vanguard ní New York ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1961, ife ń kan ife níbẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ dùùrù. Ifẹ̀ yìí ńkọ́? Ìlú tí Ori Olokun, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tí Akin Euba, ẹni tó ń kọ orin, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí èèyàn kì í jókòó wo eré láì dá olórin lóhùn. Mo ti ní kí wọ́n di ẹnu. Láàárọ̀ Sátidé mo kó gbogbo ìwé yẹn dà nù, mo sì sọ àwọn máíkì méjì tí mo so rọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ní Sátidé, ó tó àádọ́jọ èèyàn. Ní orin kẹta, "My Funny Valentine", ọkùnrin kan tó wọ agbádá jáde wá náwó fún un. Náírà tuntun lẹ́bàá máíkì dún bí ẹni ń sun koríko. Lẹ́yìn náà ló fi apá agbádá gbá igi máíkì, gbì. Orin yẹn ti lọ nìyẹn, èmi ò sì lè bá ẹni tó ń náwó jà. Àwọn yòókù dára. "Autumn Leaves" dára débi pé mo gbàgbé láti tẹ́tí sí béèsì.

"Summertime" ni orin kẹfà. Ẹsẹ àkọ́kọ́ lọ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe yẹ. Sasofóònù gbà á, ó ń yí i ká, akọrin náà pajú dé, ó ń dúró de ẹsẹ kejì. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ti fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, ó wà lójú fèrèsé, orin ló ń gbọ́. A kò sì ti bu epo sí i láti àárọ̀.

Iná lọ. Kíbọ́ọ̀dù kú, béèsì kú, sípíkà kú. Onílù ń fi ìgbálẹ̀ ìlù rẹ̀ gbá awọ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ọkùnrin Iléṣà náà kò yọ fèrè lẹ́nu. Àyè akọrin náà dé. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú sípíkà, ó lanu, ohun tó jáde ni: "Wá sùn, wá."

Gbogbo ilé mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nínú máíkì méjèèjì, ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rín tẹ̀lé e, ẹ̀rín àwọn obìnrin. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin kan níwájú gbé orin rèmílẹ́kún kan tí kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí wọn kò fi pọ̀n rí, gbogbo ilé gbà á, akọrin náà fi ti Gershwin sílẹ̀, ó bọ́ sínú tiwọn. Sasofóònù dákẹ́. Ìlù nìkan ló kù àti àtẹ́wọ́. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, nínú òkùnkùn, iná fóònù ń tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ padà dé, kíbọ́ọ̀dù ní láti jí tán kó tó dún, akọrin náà fi rèmílẹ́kún náà dúró dè é, ó sì padà sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó parí rẹ̀.

Ẹ̀rọ mi kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Orí bátìrì ló wà. Ká ní béèsì kò bá ìkùn jà ní Ọjọ́bọ̀, òkùnkùn yẹn kò ní sí nínú ìgbohùnsílẹ̀ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ajé. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kò lè jáde." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ọ̀rọ̀ Bàbá sórí ohùn Gershwin, lẹ́tà wa kò sì tíì ní èsì. Mo sọ fún akọrin náà pé nígbà tí Ella Fitzgerald, akọrin jáàsì Amẹ́ríkà, kọ "Mack the Knife" ní Berlin ní 1960, ọ̀rọ̀ fò ó lórí, ó hun tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní Grammy lé e. Mo rò pé mo ń tù ú nínú.

Ó ní, "Ella yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn. Èmi yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ní ẹjọ́ ni."

N kò ní èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ àwo ńlá ló wà lẹ́yìn Ella. Èésú ló wà lẹ́yìn tiwa.

A wá gbìyànjú àtúnṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ní Lágéré ni mo fi ní kí ó tún kọ ìlà mẹ́ta yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n fi rọ́pò ti Yorùbá. Ohùn tuntun jókòó sáyè rẹ̀, ó dùn. Nígbà tí mo pa àwọn yòókù pọ̀ mọ́ ọn, lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ẹ ó máa gbọ́ "wá sùn, wá" bí ẹni tó ń pè láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú máíkì rẹ̀, n kò lè yọ ọ́ kúrò nínú máíkì ìlù mẹ́ta, máíkì fèrè, àti máíkì àwọn èèyàn. Lójú agbo, gbogbo máíkì ló ń gbọ́ gbogbo èèyàn. Tí mo bá pa máíkì ìlù, orin á kú. Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹgbẹ́ Duke Ellington ní àjọ̀dún jáàsì Newport ní 1956: Paul Gonsalves, ọ̀kan nínú wọn, fun sasofóònù láti ẹsẹ kan dé òmíràn títí ó fi pé 27, ṣùgbọ́n máíkì rédíò ló kọjú sí, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ àwo. Wọ́n tún ọ̀pọ̀ nínú àwo náà ṣe ní sítúdíò, wọ́n fi àtẹ́wọ́ àtọwọ́dá bò ó, ó sì di 1999 kí wọ́n tó pa ìgbohùnsílẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí àwọn èèyàn lè gbọ́ alẹ́ yẹn gan-an. Tí àwọn yẹn kò bá lè rọ̀ ọ́ kó má hàn, kí ni tèmi?

A gbìyànjú láti fi ẹsẹ ti Ẹtì lẹ̀ mọ́ ti Sátidé. Ìyára wọn kò bára mu, èyí ṣeé tún ṣe. Gbọ̀ngàn ni kò ṣeé tún ṣe. Ara èèyàn máa ń gbé ohùn mì. Àádọ́rin èèyàn àti àádọ́jọ èèyàn, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Níbi tí mo ti so wọ́n, ó dún bí ẹni pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ dìde jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Akọrin náà yọ hẹ́dífóònù, ó ní ó tó. Kì í ṣe ìtàn Ella ló mú un gbà. Ohùn inú kànga yẹn ni.

Ìyókù yá. Alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì dá orin méjì padà, nítorí níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ orin, orúkọ àwọn tó ti gbọ́ àwọn orin náà lẹ́nu wọn ni akọrin náà kọ síbẹ̀. A tún un kọ. Ó fẹ́ gbé fídíò rẹ̀ síta pẹ̀lú, ọ̀rẹ́ mi sì sọ fún un pé ìwé tí a gbà fún àwo kò bo àwòrán, ìwé mìíràn ni. Fídíò kò jáde.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ti yí padà láti ìgbà yẹn. Ìwé orin ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè iye máíkì: ta ló kọ ọ́, ọdún wo, ọ̀rọ̀ wo lẹ yí. Orin tí ìwé rẹ̀ kò tíì dé, a kì í fi ọ̀rọ̀ tuntun dánrawò lé e lórí rárá, nítorí ohun tí ẹnu bá ti kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní bi wá léèrè kó tó jáde nínú òkùnkùn. "Kò burú" akọrin kò tó fún mi mọ́. Mo máa ń ní kó kọ èyí tí yóò wọ àwo lójú mi, láì sí ẹ̀rọ, láì sí iná. Bátìrì ni ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ń jẹ níbikíbi, ìbáà jẹ́ pé iná dúró digbí. Igi máíkì ohùn ń jìnnà sí ọ̀nà àwọn tó ń náwó, mo sì ń wá alága tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ wọn ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, mo máa ń wá ẹni tí kò fẹ́ràn orin.

Àwo náà jáde pẹ̀lú orin méje. "Summertime" tó wà níbẹ̀ ni ti alẹ́ Ẹtì, kò ní àbùkù kan, n kì í sì í gbọ́ ọ. Orin tó tẹ̀lé e kò ní orúkọ Gershwin lára: rèmílẹ́kún yẹn ni, ti gbogbo ilé, tí mo gé láti ibi tí akọrin náà ti fi ohùn Gershwin sílẹ̀ dé ibi tí iná ti padà. Àárín ẹ̀rín ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń bi í pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà wa ṣì wà lọ́hùn-ún. Ti Sátidé lódindi wà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ní Lágéré, ọ̀kan nínú àpótí ìwé orin Bàbá Onídùùrù, tí kò ní ẹ̀rọ kankan nílé tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ.